Ariwo Ẹ́ńjìnì Mi àti Ọmọ Ìkọ́ṣẹ́ tí Mo Pè ní Olè

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, ní Ìsàlẹ̀ Èkó níhìn-ín, mo ju ẹyin kan mọ́lẹ̀ níwájú ìsọ̀ mẹkáníìkì kan. Mo pe ọmọ ọlọ́mọ ní olè lójú gbogbo ayé. Ohun tí ó sì fà á kò ju pé alùpùpù mi ń pariwo lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà mọ́ra, ṣùgbọ́n mo wòye pé ó yẹ kí n sọ ọ́, nítorí ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú rẹ̀: ọ̀kan fún ẹni tí ó ní alùpùpù tàbí jẹnẹrétọ̀, èkejì fún ẹni tí ó ní ẹnu.

ALÙPÙPÙ BÀBÁ MI

Honda C70 ni alùpùpù náà. Ọmọ ìdílé Honda Super Cub ni, èyí tí àwọn ará Jàpáànì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 1958, tí iye rẹ̀ sì pé ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ní ọdún 2017. Bàbá mi, tí òun náà jẹ́ olùkọ́, ni ó ra tiwa ní 1982, kí a tó bí mi. Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, tí mo gba ìwé-ẹ̀rí NCE, tí mo sì rí iṣẹ́ sí Òbáléndé, bàbá mi fà á lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ̀rọ yìí ni ó gbé mi lọ sí ibi tí mo ti rí owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ. Má jẹ̀ẹ́ kí ó kú sí ọ lọ́wọ́."

Láràárọ̀ ni mo máa ń gùn ún láti Ìdúmàgbò, màá gba Ìdúmọ̀tà kọjá kí àwọn alárù tó kún ojú ọ̀nà, màá já sí Tinúbú, ó di Òbáléndé. Ọjọ́ tí Adámú Òrìṣà bá ń jáde nìkan ni n kì í gbé e síta, nítorí kò sí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tí kò mọ̀ pé ẹni tí ó bá gun alùpùpù tàbí kẹ̀kẹ́ pàdé Ẹ̀yọ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ọ̀pámbàtà.

Nígbà tí ó yá, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín búlúù. Ó ń jẹ ọ́ìlì bí ẹni ń mu omi, kò sì lè gun orí òkè kékeré mọ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá Mẹkáníìkì kan ní àdúgbò wa, àgbà ọkùnrin tí orí rẹ̀ ti funfun, tí ó ti ń tún Honda ṣe kí bàbá mi tó ra tirẹ̀. Ó gbọ́ ọ, ó wo ẹnu sálẹ́ńsà, ó ní, "Tíṣà, a ó tú u palẹ̀ ni o. Ríǹgì ti tán, fáàfù náà sì ti jẹ."

Wọ́n tú u. Wọ́n tún inú sílíńdà rẹ̀ fẹ̀, wọ́n fi písítìnì tuntun àti ríǹgì tuntun sí i, wọ́n pààrọ̀ fáàfù méjèèjì, wọ́n sì fi ata ìlọ̀ tí wọ́n ń lò lọ̀ ọ́ mọ́ àyè rẹ̀. Owó tí mo san fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oṣù mi kan. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan wà níbẹ̀, ọmọ bí ọdún mẹ́tàdínlógún, tí ó dákẹ́ bí ẹni pé kò ní ẹnu. Òun ni ó to èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, tí ọ̀gá rẹ̀ ń wò ó.

Ọjọ́ tí mo lọ gbà á, ó ń dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Bàbá Mẹkáníìkì na agolo kan sí mi, ó ní, "Àwọn nǹkan àtijọ́ rẹ nìyí." Mo wo inú rẹ̀, mo rí irin dúdú tí ọ́ìlì bò. Mo ní, "Bàbá, ẹ máa kó ìdọ̀tí yín." Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé agolo náà sórí pẹpẹ. Lẹ́yìn náà ni ó wá kìlọ̀ fún mi pé, "Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, gbé e padà wá. Ẹ́ńjìnì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tò a máa jókòó. A ó tún wo tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún ọ, a kò ní gba kọ́bọ̀." Mo ní ó dáa.

N kò padà lọ.

ÌWÉ KÌ Í ṢE SÍPÁNÀ

Kí ni ó dé tí n kò lọ? Ìgbéraga ni. Mo ti ra ìwé Honda kan lọ́wọ́ àwọn tí ń ta ìwé àlòkù lójú títì. Yàtọ̀ sí èyí, èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Mo ti ya ẹ́ńjìnì sára pátákó dúdú, mo ti fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ pupa kùn ún. Ta ni yóò wá kọ́ mi ní ohun tí mo ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀ràn náà gbé wà. Irú ẹ́ńjìnì yìí, tí ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Nikolaus Otto ṣe tí ó yanjú ní ọdún 1876, iṣẹ́ mẹ́rin ni písítìnì rẹ̀ ń ṣe tẹ̀léra wọn. Yóò lọ sílẹ̀, yóò fa epo òun afẹ́fẹ́ wọlé. Yóò gòkè, yóò fún wọn pọ̀. Púlọ́ọ̀gì yóò ṣáná, iná náà yóò sì tì í lọ sílẹ̀ tagbáratagbára. Yóò tún gòkè, yóò lé èéfín jáde. Fáàfù méjì ni ó jẹ́ ìlẹ̀kùn ilé náà, ọ̀kan fún ìwọlé, ọ̀kan fún ìjáde. Kámù ni ó ń ṣí wọn. Ọ̀pá irin kúkúrú tí ó yọ kókó lára ni kámù. Bí ó ti ń yí, kókó náà a gbé ìdí rọ́kà sókè, ẹnu rọ́kà a sì tẹ fáàfù, ìlẹ̀kùn a ṣí. Bí kókó bá kọjá, sípíríǹgì a ti ìlẹ̀kùn padà.

Ẹ ti rí àwọn obìnrin méjì tí ń gún iyán nínú odó kan. Bí ọ̀kan ti ń gbé ọmọ odó sókè ni èkejì ń sọ tirẹ̀ kalẹ̀. Bí ọ̀kan bá yára tàbí tí ó fà sẹ́yìn, ọmọ odó a kọlu ọmọ odó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni písítìnì àti fáàfù rí nínú sílíńdà. Ṣéènì kékeré kan tí ó so kámù mọ́ kiránkì ni kì í jẹ́ kí wọ́n ṣìnà. Kiránkì a yí lẹ́ẹ̀mejì kí kámù tó yí lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbà tí ìyàwó bá ná ọjà lẹ́ẹ̀mejì kí ìyálé tó ná an lẹ́ẹ̀kan.

Nísinsìnyí, àlàfo kékeré kan gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹnu rọ́kà àti fáàfù, nítorí irin a máa gùn sí i bí ó bá gbóná. Ní ti C70, àlàfo náà jẹ́ 0.05 mm nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù. Bébà tí a ń lò ní ọ́fíìsì a máa nípọn tó 0.1 mm. Ìdajì rẹ̀ ni àlàfo tí mò ń wí yìí. Irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní féélà ni a fi ń wọ̀n ọ́n.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo tẹ́ ẹní sí àgbàlá, mo ṣí ìwé mi, mo ṣí ideri tápẹ́ẹ̀tì. Ìwé ní kí n yí máńgínẹ́ẹ̀tì títí àmì T tí ó wà lára rẹ̀ yóò fi bá àmì ara ẹ́ńjìnì mu, kí písítìnì lè wà lókè pátápátá. Mo yí i, T bá a mu. Ìwé náà tún sọ gbólóhùn kan sí i, ṣùgbọ́n mo ti pa á dé.

Mo mú féélà, kò wọlé. Rọ́kà méjèèjì le gbagidi, kò sí àlàfo rárá. Ẹnu yà mí. Mo sọ nínú ara mi pé, "Àbí ẹ rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ènìyàn yìí?" Mo dẹ tápẹ́ẹ̀tì méjèèjì títí féélà fi wọlé, mo fún nọ́ọ̀tì wọn, mo bo gbogbo rẹ̀. Mo tẹ kíìkì.

Ha! Tá-tá-tá-tá-tá! Bí ẹni ń fi ṣíbí lu páànù. Àwọn ọmọdé inú agbo ilé sá jáde wá wò. Láti ọjọ́ náà, kí n tó dé orí Ìdúmàgbò ni wọ́n ti ń sọ pé, "Tíṣà ti ń bọ̀." Agbára ẹ̀rọ náà sì dínkù.

Ọ̀RỌ̀ BỌ́ LẸ́NU MI

Ẹnìkan sọ fún mi pé àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ a máa jí fáàfù tuntun tà, wọn a sì dá àlòkù padà sínú ẹ́ńjìnì oníbàárà. Bí mo ti gbọ́ èyí, n kò tún wádìí mọ́. Mo gbọ̀nà ìsọ̀ lọ tìbínú-tìbínú. Ọ̀gá kò sí níbẹ̀; ọmọ náà ni mo bá, òun àti àwọn oníbàárà bíi mẹ́rin. Mo nawọ́ sí i, mo ní, "Olè ni ọ́! Ibo lo ta fáàfù mi sí?"

Ọmọ náà dìde dúró. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àkísà, ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wò ó." N kò jẹ́ kí ó fọwọ́ kàn án. Mo tún ọ̀rọ̀ náà sọ, mo sọ ọ́ sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ dé, ó bá èrò. Kí orúkọ ìsọ̀ rẹ̀ má bàa bàjẹ́, ó ní kí ọmọ náà lọ sílé ná títí ọ̀rọ̀ yóò fi yé òun. Oṣù mẹ́rin péré ni ó kù kí ọmọ náà gba fírídọ́ọ̀mù rẹ̀.

Ìyá ọmọ náà, tí ń ta ẹ̀kọ ní Ẹbútè Èrò, wá sílé wa ní alẹ́ ọjọ́ náà. Kò bá mi jà. Ìyá mi ni ó lọ bá, ó kúnlẹ̀, ó ní kí ó bá òun bẹ Tíṣà, pé ọmọ òun kì í fẹ́wọ́. Nígbà tí ó lọ tán, ìyá mi pè mí. Ọjà Ìdúmọ̀tà ni ìyá mi ti ń tajà fún ọdún pípẹ́. Ó mọ olè, ó sì mọ ẹni tí a purọ́ mọ́. Ó ní, "Ǹjẹ́ o rí i níbi tí ó ti mú un?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ǹjẹ́ o jẹ́ kí ó sọ tẹnu rẹ̀?" N kò lè dáhùn. Ó ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìwọ kò tilẹ̀ tíì dàgbà, o ti ń ṣe ti àgbà òṣìkà."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ṣùgbọ́n kàkà kí n lọ bẹ̀bẹ̀, mo pinnu pé màá tú orí ẹ́ńjìnì náà fúnra mi, kí n yọ fáàfù àlòkù síta, kí n fi han ìyá mi. Mo ṣí ideri ẹ̀gbẹ́, mo tú bóòtù kẹ̀kẹ́ eléyín tí ó wà lórí kámù. Bí mo ti fà á yọ báyìí, gbàrà, ṣéènì jábọ́ sínú ẹ́ńjìnì. Jìnnìjìnnì bò mí. Mo fi wáyà kọ́ ọ jáde, mo dá a padà sórí eyín tí ó bá sáà bọ́ sí, mo dè é pa. Nígbà tí mo tẹ kíìkì, ẹ̀rọ náà kọ̀ kò gbọ́. Ìgbà tí ó gbọ́, ó ń yìnbọn láti ẹnu kabúrétọ̀, ó ń gbọ̀n, ó sì ń kú. Alùpùpù tí ń pariwo ni mo ní tẹ́lẹ̀. Mo wá ní èyí tí kò lè rìn.

"T WO?"

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo ti alùpùpù bàbá mi lọ sí ìsọ̀ ní ìtìjú. Bàbá Mẹkáníìkì kò bínú. Ó kàn bi mí pé, "Ọjọ́ wo gan-an ni ariwo náà bẹ̀rẹ̀?" Mo sọ fún un. Ó ní, "Ìyẹn ni pé fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò pariwo. Fáàfù tí wọ́n jí, ṣé ọ̀sẹ̀ méjì ni ó fi ń ronú kí ó tó ké?" Ó ránṣẹ́ sí ọmọ náà. Ó ní, "Ẹni tí a fẹ̀sùn kàn ni yóò tú u, ẹni tí ó fẹ̀sùn kàn án yóò sì dúró wò ó."

Ọmọ náà dé, ó kí mi. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀. Ó kọ́kọ́ yọ púlọ́ọ̀gì kí ẹ́ńjìnì lè yí wẹ́rẹ́. Ó ṣí ideri máńgínẹ́ẹ̀tì, ó ṣí ideri róbótó tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ́ńjìnì. Ó rọra yí máńgínẹ́ẹ̀tì sí apá ibi tí a ń yí nọ́ọ̀tì sí bí a bá fẹ́ tú u, títí T fi bá àmì mu. Lẹ́yìn náà ni ó wo kẹ̀kẹ́ eléyín ti kámù. Àmì O kan wà lára kẹ̀kẹ́ náà. Ó yẹ kí ó kọjú sí kíní kan bí ojú ayùn tí wọ́n gé sára orí ẹ́ńjìnì. Kò kọjú sí i. Ó ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọmọ náà wò mí. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú o. Ta ló tú ibí yìí?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó ní, "Eyín kan ni ó fi ṣìnà."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má fi ojú kékeré wo eyín kan. Kẹ̀kẹ́ tí ó wà lórí kámù yìí ní eyín 28, ti ara kiránkì ní 14. Bí a bá fi 28 pín 360, eyín kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó digírì 13 lórí kámù. Nítorí pé kiránkì ń yí lẹ́ẹ̀mejì, ó di bíi digírì 26 níbẹ̀. Gbogbo ìlẹ̀kùn ni yóò máa ṣí, tí yóò sì máa tì ní àkókò tí kò yẹ. Abájọ tí ó ń yìnbọn. Bí ó bá sì ṣìnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú ẹ́ńjìnì mìíràn, ọmọ odó yóò kọlu ọmọ odó, fáàfù yóò tẹ̀, písítìnì yóò lu.

Ọmọ náà fi okùn so ṣéènì kí ó má bàa jábọ́. Ó yọ kẹ̀kẹ́, ó sún un ní eyín kan, ó dá a padà. T wà ní àyè rẹ̀, O wà ní àyè rẹ̀. Ó dè é. Kò tẹ kíìkì o. Ọwọ́ ni ó fi yí ẹ́ńjìnì náà ní ìyípo méjì gbáko, ó ń tẹ́tí bóyá nǹkan yóò kọ́ ọ. Kò kọ́. T àti O tún padà bá ara wọn.

Ó wá kan ti tápẹ́ẹ̀tì. Ó di rọ́kà mú, ó mì ín. Ó ń dún gbọ̀ngbọ̀n. Ó fi féélà 0.05 sí i, ó wọlé bí ẹni wọ ilé tí kò nílẹ̀kùn. Ó kó ewé féélà lé ara wọn títí ó fi lé ní ìdajì mílímítà, àyè ṣì wà. Ó ní, "Tíṣà, orí kí ni ẹ gbé e sí nígbà tí ẹ ṣe èyí?"

Mo ní, "Orí T."

Ó ní, "T wo?"

Ẹ̀yin ará, ojú mi là. Kiránkì ń yí lẹ́ẹ̀mejì kí kámù tó yí lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà T ń dé ibi àmì lẹ́ẹ̀mejì. Ní àkọ́kọ́, písítìnì wà lókè nígbà tí ó fún epo òun afẹ́fẹ́ pọ̀, ìlẹ̀kùn méjèèjì tì gbọin, rọ́kà méjèèjì dẹ̀. Èyí ni T tí a fi ń ṣe tápẹ́ẹ̀tì. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, písítìnì tún wà lókè, ṣùgbọ́n èéfín ni ó ń jáde tán, tí afẹ́fẹ́ tuntun ń wọlé bọ̀. Ìlẹ̀kùn méjèèjì ṣí díẹ̀, rọ́kà méjèèjì le. Orí T kejì yìí ni mo gbé e sí. Kò sí ohun tí ó ṣe tápẹ́ẹ̀tì tí ó fi le. Kámù ni ó gbé rọ́kà. Èmi ni mo wá dẹ ohun tí kò yẹ kí a dẹ̀. Gbólóhùn tí n kò kà nínú ìwé nìyẹn, bẹ́ẹ̀ mo ti kọ ọ́ sára pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ́pọ̀ ìgbà.

Ọmọ náà ṣe tápẹ́ẹ̀tì méjèèjì sí 0.05, ó di gbogbo rẹ̀, ó tẹ kíìkì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ ìránṣọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Bàbá Mẹkáníìkì kò sọ nǹkan kan. Ó nawọ́ sí pẹpẹ, ó gbé agolo ọjọ́sí, ó da ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sórí bébà níwájú mi. Písítìnì àtijọ́ mi, ríǹgì rẹ̀, àti fáàfù méjì tí etí wọn ti jẹ bí àgbàdo tí eku jẹ. Ìdọ̀tí tí mo ní kí wọ́n máa kó nìyẹn. Ká ní mo gbà á lọ́jọ́ náà, n kì bá tí lè pe ẹnikẹ́ni ní olè.

Mo ṣí fìlà. Ojú àwọn oníbàárà ni mo ti bú u, ojú wọn náà ni mo ti bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Má bínú. Ìwọ kò jalè. Èmi ni n kò mọ̀, tí mo sì ń ṣe bí ẹni tí ó mọ̀." Ọmọ náà wolẹ̀, ó ní, "Ó ti tán, Tíṣà." Ní alẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti ìyá mi lọ sí Ẹbútè Èrò. Ìyá ọmọ náà gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wa, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé ohun tí ó sọ: "Tíṣà, a ti gbà. Àwọn tí wọ́n gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà, ta ni yóò lọ sọ fún wọn?" Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń wá àwọn oníbàárà mẹ́rin yẹn kiri. Mẹ́ta ni mo rí.

Ọmọ náà gba fírídọ́ọ̀mù rẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Kí ó tó lọ, ó bẹ̀ mí pé kí n kọ́ òun bí a ti ń ka ìwé Honda náà, nítorí Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ le. Èmi náà bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ́ mi bí a ti ń fetí gbọ́ ẹ́ńjìnì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Díẹ̀ nínú ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ nìyí.

BÍ A TI Ń MỌ ARIWO YÀTỌ̀ SÍ ARIWO

Tápẹ́ẹ̀tì tí ó dẹ̀: a máa dún tá-tá-tá wẹ́wẹ́ láti orí ẹ́ńjìnì, kì í dáwọ́ dúró, a sì máa yára bí ẹ́ńjìnì bá ti ń yára. Bí a bá fi ìdí sukurudáífà sétí, tí a fi ẹnu rẹ̀ kan ideri tápẹ́ẹ̀tì, a ó gbọ́ èyí tí ń ké nínú méjèèjì.

Ṣéènì kámù tí ó dẹ̀: a máa dún ṣakaṣaka bí ẹni mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ṣéènì gbé wà, pàápàá bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ̀wọ́ ọwọ́ iná. Ohun tí ń fa ṣéènì le ni kí a wò.

Písítìnì tí àyè rẹ̀ fẹ̀ jù: a máa dún gbúgbú nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, ó sì ń rọlẹ̀ bí ó bá ti gbóná.

Bẹ́ríǹ kiránkì tí ó ti jẹ: a máa kan gọ̀ọ́-gọ̀ọ́ láti ìsàlẹ̀, pàápàá bí ẹrù bá wúwo tàbí bí a bá ń gun òkè. Bí ẹ bá gbọ́ èyí, ẹ pa ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀.

Gásíkẹ́ẹ̀tì sálẹ́ńsà tí ó ń jò: òun ni ẹlẹ́tàn. Yóò máa dún fù-fù-fù, ènìyàn yóò sì rò pé tápẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ wò ó bóyá èéfín dúdú ti kùn ún ní ìdí sálẹ́ńsà kí ẹ tó ṣí ohunkóhun.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni èyí: fáàfù tí ń ké kì í sábà pa ẹ́ńjìnì, èyí tí kò ké rárá ni kí a bẹ̀rù. Ìgbà tí fáàfù bá jókòó sí àyè rẹ̀ ni ooru ara rẹ̀ ń gba ibẹ̀ jáde. Bí tápẹ́ẹ̀tì bá le jù, fáàfù kò ní lè tì tán nígbà tí ó bá gbóná. Iná yóò máa gba etí rẹ̀ kọjá, yóò sì jó o jẹ ní ìdákẹ́jẹ́, títí ọjọ́ tí ẹ̀rọ yóò kọ̀ tí kò ní gbọ́ mọ́. Ọmọ yẹn náà dákẹ́ nígbà tí mo ń bú u. N kò mọ ohun tí ó ń jó o nínú.

Àlàfo ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ o. Honda CG125, tí ó jáde ní 1976, kò ní ṣéènì kámù rárá. Jíà ni ó ń yí kámù tirẹ̀, àlàfo rẹ̀ sì jẹ́ 0.08 mm. Jẹnẹrétọ̀ oní-fáàfù tí ẹ ń lò ní ìsọ̀ yín náà ní tirẹ̀. Ẹ wo ìwé rẹ̀, ẹ sì kà á dé ìparí. Bí ẹ bá tún ẹ̀rọ ṣe, ẹ gba àwọn nǹkan àtijọ́ yín, ẹ sì padà lọ ní ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún yín.

Ayé ti yí padà láti ìgbà náà. Ní 2012 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tí ó lé ọ̀kadà kúrò ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ òpópónà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2020, wọ́n lé e kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Lagos Island wà lára wọn; ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2022 wọ́n tún fi ọwọ́ líle mú un. Èmi ti gbé alùpùpù bàbá mi lọ sí Ẹ̀pẹ́, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi kan ti ń gùn ún lọ sóko. Bí mo bá lọ kí wọn ní ọlidé, èmi ni mo ń ṣe tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Màá yí i dé orí T, màá di rọ́kà méjèèjì mú, màá mì wọ́n. Bí wọ́n bá le, n kò ní fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kankan; màá tún un yí ní ìyípo kan sí i.

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ní ọmọ ọjà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ní ọmọ kíláàsì, ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, tí ọ̀rọ̀ náà sì dá yín lójú gan-an, tí ẹ ti na ìka sí ọmọ kan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ bi ara yín ní ìbéèrè ọmọ ìkọ́ṣẹ́ náà: "T wo?"